Dáàmù Awba: Omi Tó Wò Wá Dàgbà

   

Bí ọdún bá yípo, tí a bá fẹ́ ṣe ìwé ìpàdé wa báyìí, ohun tí a sábà máa ń kọ nípa rẹ̀ kò ju ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ, tàbí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ńláńlá, tàbí àwọn ẹgbẹ́ wa tó ti di ẹni ńlá láwùjọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ohun kan tí kò wọ aṣọ ìgboyè rí, tí kò sí nínú àwòrán tí a jọ yà lọ́jọ́ ayẹyẹ, síbẹ̀ tí gbogbo wa jẹ ní gbèsè. Dáàmù Awba ni mò ń wí, adágún omi kékeré tó wà ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn kan lára wa lọ ń kàwé létí rẹ̀. Àwọn kan lọ ń fẹ́ ara wọn níbẹ̀, kí á má parọ́. Àwọn mìíràn sì lo ọdún mẹ́rin nínú ọgbà láì débẹ̀ rí. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Etí omi ni wọ́n bí wa sí

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn ilé ẹ̀kọ́ wa dáadáa kò ní jiyàn pé etí omi ni wọ́n bí i sí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 1948 ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104. Kò tíì sí ilé gidi kan nígbà náà. Eléyẹlé ni wọ́n wà, nínú àwọn ilé tó ti jẹ́ ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Kí ló wà ní Eléyẹlé? Omi ni. Ní ọdún 1942 ni ìjọba àwọn òyìnbó sé odò Ọ̀nà níbẹ̀, kí àwọn ará Ìbàdàn lè máa rí omi ẹ̀rọ mu. Bí ìlú yìí ti tóbi tó, tí ilé rẹ̀ lọ salalu lórí òkè àti lábẹ́ òkè, kànga àti odò kéékèèké ni wọ́n ń pọn kó tó di ìgbà yẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ilé ẹ̀kọ́ kó kúrò ní Eléyẹlé wá sí ibi tó wà títí di òní, lórí ilẹ̀ tó lé ní hẹ́kítà 1,000. Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀, Jane Drew, ló ya àwòrán àwọn ilé náà. Àwọn ló ṣe é tí afẹ́fẹ́ fi ń fẹ́ wọ inú yàrá wa láìlo fáànù. Ọgbọ́n wà nínú iṣẹ́ wọn, ẹ jẹ́ ká yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í ṣe ohun mímu. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pọ̀ sí i, tí òṣìṣẹ́ ń pọ̀, tí ọmọ òṣìṣẹ́ náà ń pọ̀, ni omi ń di ọ̀ràn. Ìlú tó yí wa ká ń dàgbà, òun náà ń fẹ́ omi. Ẹni méjì kò lè fi ife kan mumi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ọdún 1962 ni ilé ẹ̀kọ́ wa já gbà kúrò lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, tó di yunifásítì tó dá dúró, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike sì jẹ́ ọ̀gá àgbà rẹ̀. Ilé tó bá dá dúró gbọ́dọ̀ ní kànga tirẹ̀. Ọdún 1964 ni wọ́n sé odò Awba.

Bí wọ́n ṣe sé odò

Odò Awba fúnra rẹ̀ kì í ṣe odò ńlá. Bí ẹ bá bá a lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, ọmọdé lè fò ó kọjá. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n yàn án ni pé ó gba inú àfonífojì kan kọjá, níbi tí òkè méjì ti sún mọ́ra. Ẹ ṣàkíyèsí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dí ẹnu ìgò, ọrùn rẹ̀ lẹ máa dí, ẹ kò ní dí ikùn rẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ ti fún pọ̀ ni wọ́n mọ odi sí, ibi tí ilẹ̀ ti gbòòrò lẹ́yìn rẹ̀ ni omi kóra jọ sí.

Erùpẹ̀ ni wọ́n fi mọ odi náà. Gíga rẹ̀ tó mítà 8.5, ó gùn tó mítà 110, orí rẹ̀ sì fẹ̀ tó mítà 12 àti díẹ̀, débi pé mọ́tò lè gbà á. Omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gùn tó mítà 700, ó tẹ́ lórí ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 6, ibi tó sì jìn jù nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 5.5. Gbogbo omi tó lè gbà, bó bá kún tẹ́tẹ́, tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 230 lítà.

Ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ràn ìṣirò láti ilé ìwé, ẹ má bínú, n óò ṣe é ní ti ilé. Ẹ jẹ́ ká ní èèyàn 10,000 wà nínú ọgbà, kí oníkálukú sì máa lo garawa 4 lójúmọ́, garawa onílítà 20. Omi Awba nìkan, bí kò tilẹ̀ sí òjò kan ṣoṣo, yóò tó wọn lò fún oṣù 9, láìka èyí tí oòrùn fà lọ. Ẹ rí i pé ohun kékeré kọ́ ni wọ́n ṣe. Ó kéré lójú Aṣéjirẹ, tí wọ́n sé odò Ọ̀ṣun sí fún Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àmọ́ ó tó fún agbo ilé kan.

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé erùpẹ̀ lásán lè di omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mú. Kì í ṣe erùpẹ̀ lásán. Amọ̀ tí wọ́n bá kó jọ, tí wọ́n wọ́n omi díẹ̀ sí, tí ẹ̀rọ wúwo wá gùn ún mọ́lẹ̀ ní ìpele ìpele, kì í jẹ́ kí omi kọjá. Ìyá wa tó ń mọ ìkòkò mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹlẹ́nujìnnìà lọ. Ṣùgbọ́n odi amọ̀ ní ọ̀tá mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni igi ńlá, nítorí bí gbòǹgbò rẹ̀ bá kú tó rà, ihò ló máa fi sílẹ̀ sínú odi. Ìkejì ni ẹranko tó ń gbẹ́ ihò. Ìkẹta, tó burú jù, ni omi tó bá gba orí odi kọjá. Amọ̀ a máa gbé omi dúró, ṣùgbọ́n bí omi bá ń ṣàn lórí rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ ni. Láàárín wákàtí díẹ̀, odi ti tán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ojú ìṣàn kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kankéré onírin, kí omi tó bá pọ̀ jù máa gba ibẹ̀ jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ṣé àsọdùn ni? Kí ẹ bi àwọn ará Kano. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1988, òjò ńlá rọ̀, dáàmù Bagauda tí wọ́n fi erùpẹ̀ mọ ya, omi sì gbé ilé àti èèyàn lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ojú ìṣàn tí igbó bò tàbí tí ọ̀rá dí, ọ̀ràn ẹ̀mí ni, kì í ṣe ọ̀ràn ìmọ́tótó lásán.

Àwọn tó dé láìkọ ìwé ìgbawọlé

Omi mímu ni wọ́n tìtorí rẹ̀ sé odò, wọ́n sì ní in lọ́kàn pé àwọn olùwádìí yóò máa fi kọ́ nípa ẹja. Ṣùgbọ́n ilé tí ẹ bá kọ́ fún ara yín, aláǹgbá náà á gbà pé òun ni wọ́n kọ́ ọ fún. Kò pẹ́ kò jìnnà, àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí ẹja. Epìyà ló pọ̀ jù níbẹ̀, oríṣiríṣi ẹ̀yà rẹ̀. Ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé inú omi iyọ̀ ọ̀sà ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, epìyà tí àgbọ̀n rẹ̀ dúdú. Síbẹ̀ ó ń gbé nínú omi tútù Ìbàdàn, tí ọ̀sà jìnnà sí. Àwọn olùkọ́ wa kan tilẹ̀ ṣe ìwádìí nípa ohun tó ń jẹ níbẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1992. Ohun tó wù mí jù nípa ẹja yìí nìyí: bàbá ló ń gbọ́mọ. Bí ìyá bá yé ẹyin tán, bàbá á kó wọn sẹ́nu, á máa gbé wọn kiri títí wọn ó fi di ọmọ. Gbogbo ìgbà yẹn, bàbá kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun. Ẹ̀yin ọkùnrin ẹgbẹ́ wa, ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ kò tíì tán.

Àrọ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ mọ àrọ̀, aláìláwọ̀n, onírùngbọ̀n. Yàtọ̀ sí ẹ̀ya ara tí ẹja gbogbo fi ń mí nínú omi, àrọ̀ ní òmíràn tó fi ń fa afẹ́fẹ́ gangan. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń bá a láàyè nínú agbada ọlọ́jà láti àárọ̀ dalẹ́. Bí omi bá dọ̀tí, tí epìyà ń kú, àrọ̀ ṣì lè máa yan. Nítorí náà, bí ẹ bá dé etí omi kan tó jẹ́ pé àrọ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé omi yẹn ń ṣàìsàn.

Etí omi, níbi tí kò jìn, ni ọjà gidi ti ń ná. Ibẹ̀ ni oòrùn ti ń kan ilẹ̀ omi, tí ewé fi ń hù. Ibẹ̀ ni ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí, ibẹ̀ ni àkèré ń yé sí, ibẹ̀ náà ni ẹja ti ń jẹ ọmọ ẹ̀fọn kó tó di ohun tó ń jẹ wá. Awọ́nrínwọ́n á wá wá ẹyin jẹ. Lékeléke á dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò. Ẹyẹ kan wà tó jẹ́ pé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé orí ewé òṣíbàtà ló ń rìn, tí kò sì rì. Láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹta, àwọn ẹyẹ kéékèèké tó sá fún òtútù Yúróòpù náà máa ń wá sí etí irú omi báyìí nílẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ wa ló ń wá físà lọ sọ́dọ̀ wọn, àwọn ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa láìgba físà.

Ilé ẹ̀kọ́ wa sì ní orúkọ nínú ìmọ̀ ẹyẹ. J. H. Elgood, tó kọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n wa nípa ẹ̀dá abẹ̀mí, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ẹyẹ kan fún gbogbo ayé ní ọdún 1958. Ẹyẹ náà bá ẹ̀gà tan, ó dúdú, ó sì pupa, orúkọ Ìbàdàn ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti rí i. Ẹyẹ igbó ni, kì í ṣe ẹyẹ omi, ọ̀kan lára ibi ìsádi rẹ̀ sì ni igbó tí wọ́n dá sí ní IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ nítòsí wa ní ọdún 1967. Kí ló dé tí mo fi mẹ́nu kàn án? Nítorí pé IITA náà sé odò, wọ́n ní adágún tiwọn, tó tóbi ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n dá igbó sí. Igbó ló ń sẹ́ omi kó tó dé inú adágún. Ibi tí omi ti ń wá ni kẹ́ẹ tọ́jú, ibi tó ń lọ á tọ́jú ara rẹ̀.

Ojú oró àti òṣíbàtà

Ní ilẹ̀ wa, bí a bá ń súre fún ọmọ, a máa ń sọ pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Àdúrà tó dára gan-an ni, àmín. Ṣùgbọ́n kí á bi omi léèrè bóyá òun náà ń ṣe àmín.

Àwọn olùwádìí ọgbà wa fúnra wọn ti yẹ omi Awba wò, wọ́n yẹ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ẹja inú rẹ̀ wò. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi ìdọ̀tí láti ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́, láti ilé òṣìṣẹ́ àti láti yàrá àyẹ̀wò ń bá odò wọ inú adágún náà. Ta ló ni ìdọ̀tí yẹn? Tèmi ni, tìrẹ ni, ti àwọn tó tẹ̀ lé wa ni. Ọṣẹ tí a fi fọ aṣọ lọ́jọ́ Sátidé, omi tí a fi ṣan abọ́, ibo lẹ rò pé ó lọ?

Bó ṣe ń pa omi nìyí. Ìdọ̀tí jẹ́ ajílẹ̀. Ohun tó ń mú àgbàdo dàgbà lóko ló ń mú ewé omi dàgbà pẹ̀lú. Omi á di àwọ̀ ewé, ojú oró á bò ó. Lọ́sàn-án, ewé inú omi ń tú afẹ́fẹ́ rere jáde, ẹja ń gbádùn. Lóru, ewé yẹn kan náà ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ ẹja lọ́wọ́, èyí tó ti kú lára rẹ̀ sì ń jẹrà sísàlẹ̀, ó tún ń fa tirẹ̀. Kó tó di ìdájí, ẹja ti ń la ẹnu lójú omi bí ẹni tí ẹrù há lọ́nà ọ̀fun. Ẹ ò rí i pé ohun tó lékè omi lè jẹ́ ohun tó ń pa omi.

Erùpẹ̀ ni ìkejì. Gbogbo ilẹ̀ tí a hó lókè odò, gbogbo ọ̀nà tí kò ní gọ́tà, òjò ń gbá iyẹ̀pẹ̀ wọn wọ inú adágún. Adágún kì í ṣàn, ohun tó bá wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ ló máa sùn sí. Bí mítà kan iyẹ̀pẹ̀ bá wọlé, mítà kan omi ti jáde nìyẹn. Dáàmù kì í kú lọ́jọ́ kan, díẹ̀díẹ̀ ló ń di ilẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ní ọdún 2011

Ìbàdàn kì í ṣe àjèjì sí ìkún omi. Ẹ̀yin àgbà kò ní gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí Ògùnpa kún, tó gbé ilé, mọ́tò àti èèyàn lọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òmíràn tún dé. Òjò rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ mọ́ òru. Èèyàn tó lé ní 100 ló bá a lọ nínú ìlú, afárá já, Eléyẹlé kún bo ọ̀nà.

Omi kò yọ ọgbà wa sílẹ̀. Awba kún àkúnya, omi wọ ibi tí kò wọ̀ rí. Ọgbà ẹja wà lára ibi tó bàjẹ́ jù, ọ̀pọ̀ ọdún ìwádìí àti àìmọye ẹja bá omi lọ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ọgbà ẹranko náà fara gbá. Ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ ti ń sin ẹja láti kékeré, tí ẹ mọ wọn bí olùṣọ́ àgùntàn ṣe mọ àgùntàn, a tún kí yín kú ìfara dà.

Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún dáàmù náà ṣe, wọ́n sì sọ etí rẹ̀ di ibi ìgbafẹ́. Èyí dára, nítorí ibi tí ojú ń lọ ni ọwọ́ ń tún ṣe. Ṣùgbọ́n ìgbafẹ́ nìkan kò tó. Ẹni tó bá wá jókòó létí omi mu ẹlẹ́rìndòdò, tó wá sọ ìgò sínú rẹ̀, sàn ju ẹni tí kò wá rárá bí?

Ohun tó kù fún wa láti ṣe

Ẹ̀yin ará wa, a kì í sọ ìtàn ká kàn jókòó. Lójú tèmi, ohun mẹ́rin ni ẹgbẹ́ wa lè gbà rò ní ìpàdé yìí.

Èkíní, kí á bá àwọn ọ̀gá ọgbà sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n máa wọn jíjìn omi náà lọ́dọọdún lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i. Ohun tí a kò bá wọ̀n, a kò lè mọ̀ bóyá ó ń dínkù. Okùn, òkúta àti ọkọ̀ ojú omi kan ti tó.

Èkejì, kí á dá owó jọ láti gbin igi àti koríko sí etí odò lókè adágún, níbi tí omi ti ń wọlé. Lórí odi fúnra rẹ̀, koríko nìkan ni kí ó wà, ẹ má gbin igi ìrántí kankan síbẹ̀ o. Mo mọ bí a ṣe fẹ́ràn igi ìrántí.

Ẹ̀kẹta, omi ìdọ̀tí. Èyí ló nira jù, nítorí owó ńlá ló ń gbà láti tún ọ̀nà ìdọ̀tí àti ilé ìsẹ́mi ṣe. Ẹgbẹ́ kan kò lè dá a ṣe. Ṣùgbọ́n a ní ẹnjiníà, a ní agbẹjọ́rò, a ní àwọn tó mọ ẹnu ọ̀nà ìjọba. Tí a bá pa ohùn pọ̀, wọn á gbọ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin olùkọ́ wa àgbà. Ìwé ìwádìí yín àtijọ́, àwòrán tí ẹ yà létí omi ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, àkọsílẹ̀ ẹja tí ẹ mú àti ẹyẹ tí ẹ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́ nínú àpótí. Ẹ fún wa kí á tọ́jú rẹ̀. Láìsí i, àwọn ọmọ tó ń bọ̀ á rò pé bí omi yẹn ti rí lónìí ló ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Látìn tó wà lára àmì ilé ẹ̀kọ́ wa, Recte Sapere Fons. Àwọn tó mọ èdè náà sọ fún wa pé ó túmọ̀ sí pé ríronú bó ti tọ́ ni ìsun. Ìsun! Wọ́n fi orúkọ omi dá wa mọ̀. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé àwa tí wọ́n fi ìsun sọ lórúkọ ni a ó jókòó wo odò tó gba inú ilé wa kọjá títí yóò fi di àbàtà.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn tó ṣáájú wa ti da tiwọn ní ọdún 1964, a sì ti tẹ ẹ́. Ó kan àwa náà. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí gbogbo wa sí, kí á tún rí ara wa ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí á má rí ara wa ní ipò òfò. Ire o.